Bí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ṣe ń bọ́ ìlú Róòmù, àti bí ìjọba ṣe fi àǹfààní dè wọ́n

Ní nǹkan bí ọdún 201, àwọn ọlọ́kọ̀ òkun ìlú Arles, tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé òde òní, ṣe ìpàdé, wọ́n sì fẹnu kò. Ẹgbẹ́ márùn-ún ni wọ́n pín sí, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn sì ń ṣe: wọ́n ń fi ọkọ̀ wọn kó oúnjẹ fún ìjọba Róòmù. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí Claudius Julianus, ọ̀gá àgbà tó ń mójú tó oúnjẹ olú-ìlú. Wọ́n ní wọ́n ń rẹ́ àwọn jẹ. Wọ́n ní bí ìrẹ́jẹ náà kò bá dópin, kò ní í pẹ́ tí àwọn yóò fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ìwé tiwọn gan-an ti sọnù, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà tún ẹjọ́ wọn rò nínú lẹ́tà tó kọ sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ọ̀rọ̀ kàn, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀ náà. Wọ́n fín ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí sára idẹ, nítòsí Beirut ní ilẹ̀ Lẹ́bánónì ni wọ́n sì ti rí idẹ náà, ní ìkángun kejì òkun sí Arles. Àbí ta ni kò ní í tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi gbà pé ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ jàre kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jù sígbó.

Ẹni tó bá mọ bí ìlú Róòmù ṣe ń jẹun nígbà náà yóò mọ ìdí tí ọ̀gá yìí kò fi fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìhàlẹ̀ wọn. Àwọn tó ń gbé ìlú náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Oko tó yí ìlú ká kò lè bọ́ ìdajì wọn. Láti Íjíbítì, láti Sísílì, àti láti apá Àríwá Áfíríkà tó jẹ́ Tùnísíà òde òní ni àlìkámà ti ń wá. Nígbà Késárì Augustus, nǹkan bí ọkùnrin 200,000 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn tí ìjọba ń fún ní àlìkámà lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù. Síbẹ̀, ọkọ̀ ogun ni ìjọba ní, kò ní ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn oníṣòwò aládàáni ló ni ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ. Bí àwọn wọ̀nyí bá jókòó sílé, ebi dé nìyẹn.

Ẹni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 ti bá ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé. Ọkọ̀ Alẹkisáńdíríà tó ń lọ sí Ítálì ni wọ́n fi Pọ́ọ̀lù sí. Èèyàn 276 ló wà nínú rẹ̀, nígbà tí ìjì sì le, àlìkámà ni wọ́n dà sínú òkun kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ọkọ̀ Alẹkisáńdíríà mìíràn ló wá gbé wọn dé Puteoli lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ní erékùṣù Mẹ́lítà. Àwọn awòràn kò ní í mọ ohun tí ẹrù tó bọ́ sómi yẹn jẹ́ fún ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí wọn kò fi gba orí ilẹ̀? Owó ni. Ní ọdún 301, Késárì Diocletian gbé ìwé iye owó ọjà jáde fún gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, iye owó ọkọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tó gbé ìwọ̀n 1,200 ti Róòmù kò gbọdọ̀ gbà ju denarius 20 lọ fún máìlì kan, ràkúnmí tó gbé ìwọ̀n 600, denarius 8, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, 4. Àwọn onímọ̀ kan ti ṣírò ó pé bí kẹ̀kẹ́ ẹrù bá rin nǹkan bí 300 máìlì, owó ọkọ̀ nìkan yóò ti tó iye tí wọ́n fi ra àlìkámà inú rẹ̀. Nínú ìwé kan náà, òṣùwọ̀n àlìkámà kan jẹ́ denarius 100, owó ọkọ̀ òkun láti Alẹkisáńdíríà dé Róòmù sì jẹ́ 16 péré lórí òṣùwọ̀n náà, bẹ́ẹ̀ ibi tó jìn ju 1,000 máìlì lọ ni. Ìṣírò yìí ló fi agbára lé àwọn ọlọ́kọ̀ òkun lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ewu inú rẹ̀ kò kéré. Ìgbà òtútù kì í ṣe ìgbà tí èèyàn ń fi ọkọ̀ ṣeré lórí òkun yẹn. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń so mọ́ èbúté. Ní ọdún 62, ìjì kan rì nǹkan bí 200 ọkọ̀ àlìkámà nínú èbúté Róòmù gan-an, níbi tí gbogbo èèyàn rò pé ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Iná sì tún jó 100 mìíràn tó ti wọ odò Tiber lọ. Kò sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ọlọ́kọ̀ lè sá tọ̀. Owó tí wọ́n ń yá fún ìrìn àjò òkun ni èèyàn ń gbára lé: bí ọkọ̀ bá rì, ẹni tó yá èèyàn lówó ló pàdánù, nítorí èyí ni èlé orí rẹ̀ fi máa ń ga. Cato àgbà, olóṣèlú kan tí gbogbo Róòmù mọ̀ sí ẹni tí kì í ná owó lásán, ti wá ọgbọ́n kan dá sí i ní ohun tó lé ní ọdún 150 kí wọ́n tó bí Jésù. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó èèyàn 50 jọ pẹ̀lú ọkọ̀ 50. Nígbà tí wọ́n bá pé, Cato yóò mú ìpín kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀, ẹrú kan tó ti dá sílẹ̀ lómìnira ni yóò sì bá wọn wọkọ̀ láti máa ṣọ́ owó náà. Bí ọkọ̀ kan bá rì, 49 ṣẹ́kù.

Ohun tí ọlọ́kọ̀ kan kò lè dá gbé, ẹgbẹ́ lè bá a gbé e. Àmọ́ ìjọba Róòmù kò fẹ́ràn ẹgbẹ́. Ní ọdún 64 kí wọ́n tó bí Jésù ni ìgbìmọ̀ aṣòfin ti fòfin de ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìlú náà nítorí jàgídíjàgan òṣèlú. Olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Clodius dá wọn padà ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó sì lo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti dá ìlú rú. Julius Késárì tún tú wọn ká. Augustus ní ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ dúró bí kò bá gba àṣẹ. Ní nǹkan bí ọdún 110, gómìnà kan kọ̀wé sí Késárì Trajan pé iná ti jó ìlú Nicomedia, kí wọ́n jẹ́ kí òun dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀, èèyàn 150 péré. Trajan ní rárá. Ó ní orúkọ yòówù kí wọ́n fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní í pẹ́ tí yóò fi di ẹgbẹ́ òṣèlú. Kí ilé máa jó, kí èèyàn má sì ṣe ẹgbẹ́!

Ìjọba tó ń bẹ̀rù panápaná 150 yìí náà ló jókòó tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ń pọ̀ sí i níṣojú rẹ̀. Kì í kàn ṣe pé ó gbà wọ́n láyè, ó ń fi ohun rere fà wọ́n mọ́ra. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ní ọdún 51, oúnjẹ wọ́n ní Róòmù débi pé èyí tó kù nínú ìlú kò ju ti ọjọ́ 15 lọ. Àwọn aráàlú ká Késárì Claudius mọ́ àárín ọjà, wọ́n ń bú u, wọ́n ń fi èérún búrẹ́dì sọ ọ́, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọ ààfin. Claudius yìí ni Bíbélì Yorùbá pè ní Kíláúdíù, ìgbà tirẹ̀ náà ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 11 sọ pé ìyàn mú.

Ọba tí wọ́n bá fi búrẹ́dì sọ kò ní í gbàgbé. Claudius ṣèlérí fún àwọn oníṣòwò pé èrè wọn dájú, nítorí bí ìjì bá ba ẹrù wọn jẹ́, òun ni yóò gbé àdánù náà. Ó wá kọjú sí àwọn tó ń kan ọkọ̀. Ẹni tó bá kan ọkọ̀ tó lè gbé òṣùwọ̀n 10,000, èyí tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 67, tó sì fi gbé àlìkámà lọ sí Róòmù fún ọdún mẹ́fà, yóò jẹ àǹfààní. Bó bá jẹ́ ọmọ Róòmù, òfin tó ń fi ogún dun ẹni tí kò gbéyàwó tàbí tí kò bímọ kò ní í mú un mọ́. Bó bá jẹ́ ará Latin, tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò pé, yóò di ọmọ Róòmù pátápátá. Bó bá jẹ́ obìnrin, yóò ní ẹ̀tọ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lè máa ṣòwò rẹ̀ láìsí ọkùnrin kan tí yóò máa fọwọ́ sí i fún un. Èyí fi hàn pé àwọn obìnrin wà tó lówó tí wọ́n fi lè kan ọkọ̀ òkun, ìjọba sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà Nero, ní ọdún 58, wọ́n tún yọ ọkọ̀ àwọn oníṣòwò náà kúrò nínú ohun ìní tí wọ́n ń gba owó orí lé.

Èyí tó wá dùn jù lọ nínú gbogbo àǹfààní náà dé lẹ́yìn náà. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan lábẹ́ Róòmù, àwọn olówó ni ìjọba ìlú ń di iṣẹ́ lé lórí. Wọ́n á ní kí Lágbájá tún ọ̀nà ṣe, kí Tàmẹ̀dò ra òróró fún ilé ìwẹ̀, kí ẹlòmíràn gba owó orí kí ó sì fi owó ara rẹ̀ dí èyí tí kò bá pé. Iṣẹ́ yìí ti sọ ọlọ́rọ̀ di tálákà. Hadrian àti àwọn Késárì tó tẹ̀ lé e wá ní kí wọ́n yọ àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gbé oúnjẹ Róòmù kúrò nínú rẹ̀. Ọkọ̀ kan tó ń gbé òṣùwọ̀n 50,000, bíi tọ́ọ̀nù 335, tàbí ọkọ̀ mélòó kan tí èyí tó kéré jù nínú wọn ń gbé 10,000, ni èèyàn gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè béèrè fún un.

Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ti wọlé. Àwọn olówó tí kò rí òkun rí bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀. Antoninus Pius ní kí wọ́n yẹ ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wò bóyá àwọn kan ń fi orúkọ ẹgbẹ́ sá fún iṣẹ́ ìlú. Marcus Aurelius àti Verus tún kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ kan náà pé àwọn kan wà tí wọn kì í wa ọkọ̀, tí èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn kò sí nínú òwò òkun, síbẹ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọlọ́kọ̀. Kí wọ́n gba àǹfààní náà lọ́wọ́ wọn. Pé Késárì mẹ́ta sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fi hàn pé àwọn ayédèrú ọmọ ẹgbẹ́ náà kò tètè tán.

Títí di òní, ẹni tó bá lọ sí Ostia, ìlú èbúté àtijọ́ tó wà lẹ́nu odò Tiber, yóò rí ibi tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń pàtẹ orúkọ wọn sí. Gbàgede ńlá kan ni, lẹ́yìn ilé eré, tí nǹkan bí 60 yàrá kéékèèké yí ká. Iwájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn yàrá náà ni wọ́n ti fi òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun to àwòrán àti orúkọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ Carthage wà níbẹ̀. Àwọn ará Narbonne láti Faransé wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ àti oníṣòwò Cagliari, ní erékùṣù Sardinia, ya ọkọ̀ sí tiwọn. Àwọn ará Sabratha, láti ilẹ̀ Líbíà, ya erin. Àwọn tó ń ṣe okùn ọkọ̀ náà ní àyè tiwọn. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ tí yóò gba ẹrù rẹ̀ lọ sí Carthage kò níí béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ni yóò wò.

Àwọn ọlọ́kọ̀ òkun, tí wọ́n ń pè ní navicularii, ni olówó inú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ńlá bá dé èbúté, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ọwọ́ tí ẹrù náà yóò sì gbà kọjá kò níye. Àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké, lenuncularii, ló ń jáde lọ pàdé ọkọ̀ ńlá. Ẹgbẹ́ márùn-ún ni wọ́n ní ní Ostia nìkan. Ìwé orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ yìí tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ní ọdún 152 ṣì wà, èyí tí wọ́n gbẹ́ ní ọdún 192 náà wà, ọmọ ẹgbẹ́ sì ti pọ̀ gan-an láàárín ogójì ọdún náà. Àwọn alábàárù, saccarii, ló ń ru àpò láti ọkọ̀ dé ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn tó ń wọn àlìkámà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni ẹrù yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn codicarii, àwọn tó ni ọkọ̀ odò tó ń gòkè lọ sí Róòmù.

Iṣẹ́ àwọn codicarii yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Odò Tiber ń ṣàn wá sí òkun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọjú ìjà sí i fún nǹkan bíi kìlómítà 35 kí wọ́n tó dé ìlú. Atẹ́gùn kò lè tì wọ́n dé ibẹ̀ nítorí odò náà lọ́, ó yí. Okùn ni wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀, àwọn tó ń fà á yóò sì máa rìn lẹ́bàá odò, ìgbà mìíràn èèyàn, ìgbà mìíràn màlúù. Bí wọ́n bá dé òkè, wọ́n á já ẹrù, wọ́n á jẹ́ kí omi gbé wọn padà. Ojoojúmọ́ ni.

Lórí ilẹ̀ náà, àwọn onímáàlúù, oníbaaka àti onífẹ̀ẹ́tìn ẹlẹ́ṣin ní ẹgbẹ́. Òfin kan tó ti ọdún 45 kí wọ́n tó bí Jésù wá ní kẹ̀kẹ́ ẹrù kò gbọdọ̀ wọ Róòmù láti òwúrọ̀ kùtù títí di ọjọ́rọ̀, àyàfi àwọn díẹ̀ bí àwọn tó ń kó ohun èlò ilé òrìṣà. Nítorí náà, ẹnu ibodè ìlú ni gáréèjì máa ń wà. Ní Milan, orúkọ ibodè méjì ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ẹran gbé ẹrù fi pe ara wọn. Ní Ostia, àwọn awakọ̀ tó ń fi kẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ gbé èrò ni wọ́n ya sílẹ̀ ilé ìwẹ̀ kan tó wà lójú ọ̀nà Róòmù, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ìbaaka wọn sí i. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Podagrosus, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ dídùn. Awakọ̀ tó sọ ẹran rẹ̀ ní irú orúkọ yẹn mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójú ọ̀nà.

Wọ́n ń ṣe òṣèlú náà, bí Trajan ti bẹ̀rù. Ní Pompeii, ìlú tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79, wọ́n bá ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò lára ògiri. Lára rẹ̀ ni èyí tí àwọn oníbaaka fi ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n dìbò fún Gaius Julius Polybius. Àwọn alábàárù náà kọ tiwọn fún ẹni tí wọ́n fẹ́.

Nínú ẹgbẹ́, alága wà, akápò wà, baba ìsàlẹ̀ sì wà. Baba ìsàlẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an, nítorí òun ló ń bá wọn dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò lè dé. Gnaeus Sentius Felix, olówó kan ní Ostia nígbà Hadrian, jẹ́ baba ìsàlẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó pọ̀ débi pé orúkọ wọn gba ojú òkúta ibojì rẹ̀ tán. Àwọn ọlọ́kọ̀ Òkun Adriatic gbà á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ ṣe ń rí yóò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn ni irú ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà san án.

Fún ọmọ ẹgbẹ́ lásán, ọ̀rọ̀ òkú ló jẹ ẹ́ lógún. Òfin ẹgbẹ́ kan ní Lanuvium, nítòsí Róòmù, tó ti ọdún 136 wá, ṣì wà lódindi. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀, ṣùgbọ́n ó fi bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn hàn. Owó ìwọlé jẹ́ sesterce 100 àti ìkòkò wáìnì gidi kan. Owó oṣù kò ju kọ́bọ̀ márùn-ún wọn lọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú tí kò jẹ gbèsè, ẹgbẹ́ yóò ná 300 sí ìsìnkú rẹ̀, wọn yóò sì yọ 50 nínú rẹ̀ pín fún àwọn tó bá tẹ̀ lé òkú. Ẹrú tó bá gba òmìnira yóò gbé ìkòkò wáìnì kan wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ àti alábàárù jẹ́ ẹrú tàbí ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí. Ibi tí kò sí mọ̀lẹ́bí, ẹgbẹ́ ni mọ̀lẹ́bí.

Iyì náà wà níbẹ̀. Ní ilé eré Nîmes, ìgbìmọ̀ ìlú ya ìjókòó 40 sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ odò Rhône àti Saône, wọ́n sì gbẹ́ ẹ sára òkúta kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀; àwọn ọlọ́kọ̀ odò Ardèche àti Ouvèze gba 25. Ní Cavaillon, wọ́n rí àmì idẹ kan tí ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo àpò awọ oníatẹ́gùn ń mú kiri, orúkọ ẹgbẹ́ àti ti ẹni tó ni ín wà lára rẹ̀. Ní Paris, ní ọdún 1711, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame bá àwọn òkúta òpó kan tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ odò Seine gbé kalẹ̀ fún òrìṣà Jupiter nígbà Késárì Tiberius, ìyẹn láàárín ọdún 14 sí 37.

Irú àwọn èèyàn báyìí, tí wọ́n níyì, tí wọ́n lówó, tí wọ́n sì mọ iye tí wọ́n jẹ́ fún ìjọba, ló kọ̀wé láti Arles. Ohun tí ọ̀gá oúnjẹ pàṣẹ jẹ́ ká mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ó ní kí wọ́n lu àmì sára àwọn ọ̀pá irin. Ó ní kí òṣìṣẹ́ náà yan àwọn kan láti ọ́fíìsì rẹ̀ tí yóò bá ẹrù wọkọ̀, àwọn wọ̀nyí ni yóò sì fi ìwọ̀n tí wọ́n gbà lélẹ̀ ní Róòmù. Ìwọ̀n ẹrù nìjà. Ìwọ̀n tó wọ ọkọ̀ àti ìwọ̀n tó jáde kò bára mu, ọlọ́kọ̀ ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ìjọba fúnra rẹ̀ yàn ni yóò máa jíhìn. Ọ̀gá náà kò fi bò pé àwọn ẹlòmíràn náà ti ń ké irú igbe kan náà. Ohun tó kọ ni pé kí wọ́n ṣọ́ àpò ìjọba, kí wọ́n sì tún fọkàn àwọn tó ń gbé oúnjẹ balẹ̀. Kò bínú, kò halẹ̀ padà.

Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ wọn lágbára jù. Láàárín ọdún 100 tó tẹ̀ lé e, ogun, àìsàn àti owó tó ń bàjẹ́ da ilẹ̀ Róòmù rú, nígbà tí Constantine sì fi jọba tán, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àǹfààní wà síbẹ̀. Kódà, ó pọ̀ sí i. Òfin ọdún 334 fún àwọn ọlọ́kọ̀ ìlà-oòrùn ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àlìkámà tí wọ́n bá gbé àti wúrà solidus kan lórí òṣùwọ̀n 1,000 kọ̀ọ̀kan, ó sì yọ apá kan ilẹ̀ wọn kúrò nínú owó orí. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọlọ́kọ̀, ọlọ́kọ̀ ni yóò jẹ́, bó fẹ́, bó kọ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá sá lọ sínú ẹgbẹ́ mìíràn yóò padà síbi tí àwọn òbí rẹ̀ wà. Wọ́n tún so iṣẹ́ náà mọ́ ilẹ̀: bí ọlọ́kọ̀ bá ta oko rẹ̀, ẹni tó rà á ti ra gbèsè iṣẹ́ ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá rì, adájọ́ gbọ́dọ̀ wádìí, wọ́n sì lè fìyà jẹ àwọn atukọ̀ tó yè kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ni ọkọ̀ rì. Kò sí ẹni tí yóò tún kọ̀wé pé òun fẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ dúró ń sá lọ ni.

Àwọn alábàárù èbúté Róòmù ni wọ́n ṣì rí nǹkan mú lẹ́yìn nínú ayé tuntun yìí. Ní ọdún 364, ìjọba pàṣẹ pé gbogbo ẹrù tí àwọn aládàáni bá gbé dé èbúté, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alábàárù ni yóò rù ú, owó iṣẹ́ wọn yóò sì jẹ́ iye tó bá ìgbà mu. Ẹni tó bá fi àwọn èèyàn tirẹ̀ ru ẹrù rẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún ẹrù náà di ti ìjọba.

Ní ọdún 439, àwọn Vandal lábẹ́ ọba wọn Geiseric gba Carthage. Ọkọ̀ àlìkámà tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Róòmù bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ọdún 16 lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọkọ̀ wá kó Róòmù lẹ́rù.